Ilẹ̀kùn Tí Ìyá Sítáàṣì Gbà Jáde

Tẹ́ ẹ bá kó aṣọ wá sílé wa fún fífọ̀, ẹ ò ní kàn jù ú sílẹ̀ kẹ́ ẹ máa lọ. Ẹ máa dúró ni. Ìyá Sítáàṣì á tú ẹrù yẹn lójú yín, wọ́n á na aṣọ kọ̀ọ̀kan sókè, wọ́n á yí àpò ẹ̀ síta, wọ́n á sì máa fi ìka tọ́ka sí gbogbo ibi tó bá ní àbàwọ́n. Wọn kì í sì í sọ ọ́ jẹ́jẹ́.

"Epo rèé lọ́rùn ọwọ́. Bọ́tìnì kan ti já níbí. Èyí, mi ò mọ ohun tó jẹ́, ìwọ lo mọ̀ ọ́n, má wulẹ̀ sọ ọ́."

Gbogbo ẹni tó bá wà níbẹ̀ á bú sẹ́rìn-ín, olówó aṣọ á máa wolẹ̀. Ìyá ní ohun tí a bá jọ rí lójú olóhun kì í dẹjọ́ lẹ́yìn. Ẹnikẹ́ni ò sì tíì lè wá bá wọn jà rí pé aṣọ òun ò ya tẹ́lẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ni wọ́n. Orúkọ tí bàbá wọn sọ wọ́n wà, ṣùgbọ́n ìnagijẹ ti gbé e mì. Torí sítáàṣì tí wọ́n máa ń fi sáṣọ ni. Ṣòkòtò tí wọ́n bá lọ̀ lè dá dúró lórí ilẹ̀ kó máa retí ẹni tó máa wọ̀ ọ́. Ẹ̀yìn ilé la ti ń fọ̀, iwájú ilé, lábẹ́ páànù, ni tábìlì tí wọ́n ti ń lọṣọ wà. Ẹ̀rọ ìránṣọ mi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì yẹn, mò ń lẹ èyí tó ya, mò ń rán bọ́tìnì tó já padà. Kò sí ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ níbẹ̀ tí mi ò gbọ́.

Ọ̀rọ̀ òṣèlú gan-an ni mo fẹ́ sọ, ṣùgbọ́n àgbàlá aṣọ ló ti bẹ̀rẹ̀, ẹ ní sùúrù fún mi.

Nígbà kan, ìjọba kan wà tó fòfin de gbogbo ẹgbẹ́ òṣèlú. Ẹni tí wọ́n bá ká mọ́bi ìpàdé, àtìmọ́lé tààrà. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wa ò wá ríbi jókòó sí mọ́. Ìyá Sítáàṣì, tí wọ́n ṣì jẹ́ ọmọge nígbà yẹn, ló ní ta ló máa bi èèyàn tó gbé ẹrù aṣọ ìdọ̀tí dání pé ibo lò ń lọ? Bí àgbàlá wa ṣe di ilé ẹgbẹ́ nìyẹn. Oníkálukú á di aṣọ mọ́wọ́, á wọlé bí oníbàárà. Aṣọ bẹ́ẹ̀dì ilé ìwòsàn ló máa ń kún orí okùn, àárín àwọn aṣọ tútù yẹn ni wọ́n ń jókòó sí. Ìyá sọ fún mi pé ẹ̀wù kan wà tí àwọn fọ̀ títí tó fi ya, tí ẹnikẹ́ni ò sì wọ̀ ọ́ rí. Ẹ̀wù ìpàdé ni.

Wọn kì í kọ nǹkan kan sílẹ̀, torí ìwé lè bọ́ sọ́wọ́ ọlọ́pàá. Tí wọ́n bá fẹ́ dìbò, wọ́n á fi àlàfo méjì sílẹ̀ láàárín àwọn aṣọ tó wà lórí okùn. Ẹni tó bá fara mọ́ ọ̀rọ̀ á gba ti ọ̀tún jáde, ẹni tí ò bá fara mọ́ ọn á gba ti òsì. Ẹnì kan á dúró, á máa kà wọ́n. Tí àríyànjiyàn bá ṣẹlẹ̀ lórí ẹnì kan, ẹni tó bá a rìn ni wọ́n máa ń bi, nítorí kò sí ẹ̀rí mìíràn.

Nígbà tí ìjọba yẹn kógbá sílé, ẹgbẹ́ ò gbàgbé àwọn tó forí lákú. Wọ́n fi sínú òfin ẹgbẹ́ pé gbogbo ẹni tó ṣèpàdé nínú àgbàlá yẹn ti di àgbà ẹgbẹ́. Ẹnikẹ́ni ò ní dìbò yàn wọ́n, ẹnikẹ́ni ò sì lè yọ wọ́n, ikú nìkan ló lè gba àga lọ́wọ́ wọn. Tí ẹgbẹ́ bá fẹ́ mú ẹni tó máa du ipò ààrẹ, àwọn aṣojú tí wọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan yàn ló máa kọ́kọ́ dìbò, ìwé ni wọ́n ń jù sápótí. Bí kò bá sí olùdíje tó rí ju ìdajì lọ, àwọn àgbà ẹgbẹ́ ló máa parí ẹ̀, ilẹ̀kùn méjì ni wọ́n sì fi ń dìbò, bíi ti ayé àgbàlá. Ìbò tiwọn ò pamọ́. Gbogbo ayé ló ń rí ibi tí wọ́n gbà.

Ikú ti mú nínú wọn. Nígbà tí mò ń sọ yìí, mọ́kànlélógún péré ló ṣẹ́ kù, méjì nínú wọn wà ládùúgbò wa: Ìyá Sítáàṣì àti Bàbá Onígbàjámọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti Bàbá Onígbàjámọ̀ fún yín. Ojú òpó kejì ni wọ́n ń gbé. Iṣẹ́ irun gígẹ̀ ni wọ́n ṣe títí ojú fi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú wọn, ọjọ́ tí wọ́n fá irun ojú oníbàárà kan mọ́ torí ni wọ́n sì palẹ̀ abẹ mọ́. Báyìí, òjìji nìkan ni wọ́n ń rí. Àwọn àti Ìyá ò gbà fún ara wọn rí. Ìyá máa ń sọ pé tí Bàbá bá ti ní ojú ọjọ́ dára, ká yáa kó aṣọ wọlé. Síbẹ̀, kò sí ọ̀sẹ̀ tí Bàbá ò ní fi ọ̀pá wá ọ̀nà dé ọ̀dọ̀ wa, tí wọ́n á jókòó sórí àpótí, tí wọ́n á máa bú Ìyá títí ilẹ̀ á fi fẹ́ ṣú.

Lọ́dún yẹn, èèyàn méjì ló léwájú nínú àwọn tó ń du ipò náà nínú ẹgbẹ́ wa. Ọ̀kan jẹ́ lọ́yà àgbà. Òun ló ń gba àwọn ọmọ ẹgbẹ́ sílẹ̀ lágọ̀ọ́ ọlọ́pàá nígbà ìjọba burúkú yẹn, Bàbá Onígbàjámọ̀ gan-an wà lára àwọn tó gbà sílẹ̀. Èkejì jẹ́ obìnrin, nọ́ọ̀sì ló ń ṣe kó tó bọ́ sí òṣèlú. Lọ́yà àti Nọ́ọ̀sì náà la ń pè wọ́n. Nọ́ọ̀sì wá ń sọ káàkiri pé tí ẹgbẹ́ bá fi lè fa òun kalẹ̀, ohun àkọ́kọ́ tóun máa ṣe ni kí wọ́n fa ìbò àwọn àgbà yọ nínú òfin. Ó ní, "Ẹni tí a ò yàn, kò yẹ kó máa báni yàn."

Wọ́ọ̀dù wa fẹ́ràn Nọ́ọ̀sì bí ẹní máa kú. Nígbà tí wọ́n tò láti yan aṣojú, àwọn tó ní Nọ́ọ̀sì làwọn máa dìbò fún ni èèyàn tò sí lẹ́yìn, ìlà wọn yí ilé ìwé po. Ojú gbogbo wá yí sọ́dọ̀ Ìyá Sítáàṣì.

Bíríkìlà ló kọ́kọ́ fẹnu kàn án, ó wá gba ṣòkòtò ẹ̀.

"Ìyá, ẹ̀yin àti Nọ́ọ̀sì máa jà o. Ó fẹ́ fa àga lẹ́yìn yín."

"Kó fà á. Ìdí mi fẹ̀ dáadáa. Bí mo bá ṣubú, ilẹ̀ ni kẹ́ ẹ bá kẹ́dùn."

"Ìlérí tá a fẹ́ gbọ́ kọ́ nìyẹn, Ìyá."

"Ṣòkòtò lo wá gbà. Ó wà níbẹ̀. Má fẹ̀yìn ti ògiri kankan lónìí."

Nígbà tó yá, ẹni tí Lọ́yà rán náà dé. Kóòtù ló wọ̀ nínú oòrùn, la bá sọ ọ́ ní Alákóòtù lójú ẹsẹ̀. Ó dọ̀bálẹ̀ dáadáa, ó nu eruku àyà ẹ̀, ó ní, "Ìyá wa, ṣé a lè wọlé ká jọ sọ̀rọ̀ díẹ̀?"

Ìyá ò gbé ojú kúrò lára áyọ́ọ̀nù. "Inú ilé ṣókùnkùn. Ibí ni mo ti ń gba ẹrù. Tú tìẹ."

Alákóòtù wo ọ̀tún, ó wo òsì. Oníbàárà bíi márùn-ún ló dúró, kò sí ẹni tó yẹsẹ̀. Ó rọra tẹ̀ sétí Ìyá, ó sọ ọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́. Ìyá gbé áyọ́ọ̀nù sórí ìdí ẹ̀, wọ́n kọjú sí gbogbo wa.

"Ẹ gbọ́ o! Ó ní Lọ́yà ní àga àwọn àgbà ò ní lọ ibì kankan. Ó tún ní tí mo bá kú, ẹbí mi ló máa jókòó sí i. Ìyàwó àbúrò mi tẹ́ ẹ̀ ń wò yìí lẹ máa máa rí lórí tẹlifíṣọ̀n."

Ẹ̀rín sọ. Èmi náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kí n má purọ́ fún yín, mo ti ń ro aṣọ tí màá wọ̀.

Obìnrin kan wà níbẹ̀ tí ò rẹ́rìn-ín. Òun ló ń gbálẹ̀ nílé ìwòsàn, òun náà ló máa ń kó aṣọ bẹ́ẹ̀dì wọn wá fún wa. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni, ó lè jókòó títí kí o má mọ̀ pé ó wà níbẹ̀.

"Ìyá, ẹ má bínú o."

"Mi ò tíì bínú. Wí."

"Mo tò láti àárọ̀ títí oòrùn fi kàn mí lágbárí kí n tó yan aṣojú wa. Tí ò bá ṣe dáadáa, tó bá dìgbà mìíràn, màá tò sẹ́yìn ẹlòmíì. Ẹ̀yin ńkọ́, Ìyá? Tẹ́ ẹ bá ṣe ohun tí ò tẹ́ mi lọ́rùn, ta ni kí n lọ bá?"

"Èmi ni kó o wá bá."

"Ṣé ẹ̀yin náà ni kí n wá fi ẹjọ́ yín sùn?"

 Ìyá gbé áyọ́ọ̀nù lé aṣọ tútù, ó dún ṣìì. Alákóòtù ní òun ń lọ.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan lẹ́yìn ìyẹn, èmi àtàwọn jọ ń fún aṣọ bẹ́ẹ̀dì lẹ́yìn ilé. Ẹni méjì ló ń fún un. Èmi á di etí kan mú, Ìyá á di èkejì mú, èmi á lọ́ ọ sápá ọ̀tún, àwọn á lọ́ ọ sápá òsì, títí omi á fi dá. Ẹ ò lè sá fún ara yín nídìí iṣẹ́ yìí, ojú ń wo ojú ni.

"Ìyàwó."

"Ẹ̀gbọ́n mi."

"Tí wọ́n bá gba àga yẹn, kí ló kù tí mo jẹ́?"

"Ẹ̀yin ṣì ni alágbàfọ̀ wa."

Wọ́n lọ́ aṣọ yẹn lójijì, díẹ̀ ló kù kí n fẹnu gbálẹ̀.

"Ohun tó o rí sọ nìyẹn?"

"Ẹ̀yin lẹ bi mí."

 A ká aṣọ yẹn, a mú òmíràn nínú bàsíà. Wọ́n ní, "O ò mọ̀ ọ́n. Lọ́jọ́ àpéjọ, wọ́n máa ń pe orúkọ mi pẹ̀lú orúkọ bàbá mi. Gbogbo gbọ̀ngàn á dìde. Mọ́tò ló máa ń wá gbé mi níbí, tí àwọn ará òpópónà yìí á jáde wá wò mí. Ọjọ́ yòókù, 'Ìyá, aṣọ mi ńkọ́?' ni mò ń gbọ́ látàárọ̀ dalẹ́."

 Wọn ò bímọ, ọkọ wọn ti kú, gbogbo oyè tí wọ́n ní láyé, àga yẹn ni.

"Ṣùgbọ́n obìnrin tó ń gbálẹ̀ yẹn ò purọ́," wọ́n ní.

"Kò purọ́, mà."

"Inú ń bí mi sí i pé kò purọ́."

Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, nígbà tí oníbàárà pọ̀, wọ́n gbé áyọ́ọ̀nù sílẹ̀, wọ́n sọ ọ́ ketekete pé bí ìbò bá kan àwọn àgbà, ilẹ̀kùn Nọ́ọ̀sì làwọn máa gbà, nítorí ohun tí wọ́ọ̀dù fẹ́ nìyẹn. Bíríkìlà pàtẹ́wọ́. Bàbá Onígbàjámọ̀, tí wọ́n wà lórí àpótí, fi ọ̀pá lu ilẹ̀.

"Alágbàfọ̀, orí ẹ ti dàrú. Ìwọ fúnra ẹ lo fẹ́ já okùn tó o sá aṣọ ẹ sí?"

"Okùn mi ni, Bàbá."

"Tèmi náà wà lórí ẹ̀! Lọ́yà ló gbà mí lẹ́nu ikú. Mi ò ní dalẹ̀ ẹ̀."

"Ta ló ní kẹ́ ẹ dalẹ̀? Ẹ gba ilẹ̀kùn yín, èmi á gba tèmi."

"Ìwọ ló sì máa mú mi débẹ̀ o, torí mi ò rí i."

"Èmi náà ni màá mú yín débẹ̀."

Ọjọ́ àpéjọ pé. Mọ́tò wá gbé wọn, wọ́n gba àgbà kọ̀ọ̀kan láyè láti mú ẹnì kan dání, èmi ni Ìyá mú. Bàbá ò mú ẹnikẹ́ni, wọ́n ní apá alágbàfọ̀ tó àwọn. Gbọ̀ngàn yẹn tóbi ju ohun tí mo rò lọ, òkè lọ́hùn-ún ni wọ́n ní kí àwa tá a tẹ̀ lé àgbà jókòó sí, a ò gbọdọ̀ sọ̀ kalẹ̀. Wọ́n pe orúkọ àwọn àgbà lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí wọ́n pe Ìyá, gbogbo èèyàn dìde lóòótọ́. Ìyá tẹrí ba díẹ̀, wọ́n jókòó. Aṣọ wọn ò ká níbì kankan.

Àwọn aṣojú dìbò, wọ́n kà á, wọ́n tún un kà. Lọ́yà àti Nọ́ọ̀sì ń lé ara wọn bọ̀, ṣùgbọ́n olùdíje kẹta kan tí kò lókìkí ti jẹ díẹ̀ nínú ìbò, kò wá sí ẹni tó rí ju ìdajì lọ. Alága ní ó ti kan àwọn àgbà. Ilẹ̀kùn ọ̀tún ni ti Lọ́yà, ti òsì ni ti Nọ́ọ̀sì. Lẹ́yìn ilẹ̀kùn kọ̀ọ̀kan, àtẹ̀gùn mẹ́ta ló sọ̀ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí wọ́n to àga sí. Ẹnì kan dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ẹ̀rọ kékeré kan lọ́wọ́, tí ẹnì kan bá kọjá, á tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan. Ẹsẹ̀ ni wọ́n ń wò, wọn kì í wo ojú.

Àwọn àgbà dìde. Ìyá di Bàbá lápá mú. Wọ́n sọ gbogbo ohun tí wọ́n jọ sọ fún mi nígbà tá a délé.

"Mú mi dé ilẹ̀kùn mi, alágbàfọ̀."

"Mo lè mú yín gba tèmi. Ẹ ò ní mọ̀."

"Màá mọ̀. Ẹsẹ̀ ẹ máa ń yá tó o bá fẹ́ ṣèkà."

Wọ́n dé ilẹ̀kùn ọ̀tún. Bàbá na ọ̀pá síwájú, ọ̀pá ò kan nǹkan kan, wọ́n dúró. Àtẹ̀gùn ni. Ẹ̀yin náà ẹ sọ fún mi, èwo nínú wa ló máa jọ̀wọ́ arúgbó tí ò ríran sílẹ̀ níbẹ̀? Ìyá bá wọn sọ̀ ọ́ ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Wọ́n fa àga kan, wọ́n fọwọ́ gbá a, wọ́n mú Bàbá jókòó, wọ́n tún fìlà orí wọn ṣe. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n yíjú padà, wọ́n gun àtẹ̀gùn wá, wọ́n fẹ́ la gbọ̀ngàn kọjá lọ sí ilẹ̀kùn òsì.

Ẹni tó ń kà na apá dí ọ̀nà. "Ìyá, ẹ padà síta. Ẹ ti dìbò."

"Ìbò wo?"

"Ẹ ti kọjá. Mo ti tẹ̀ ẹ́."

Ká tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, alága ti gba iye lẹ́nu àwọn méjèèjì, ó ti kéde ẹ̀: Lọ́yà mọ́kànlá, Nọ́ọ̀sì mẹ́wàá. Ariwo sọ, àwọn kan ń fò, àwọn kan ń káwọ́ lérí. Èmi ni mo mọ ohun tí mo rí láti òkè, mo sì mọ̀ pé ẹnì kan ṣoṣo ló wà láàárín àwọn méjèèjì, ẹni yẹn ló dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn pẹ̀lú aṣọ sítáàṣì yẹn.

Alákóòtù sáré dé ọ̀dọ̀ wọn. Ó sọ fún wọn pé, "Ìyá, ẹ jókòó. Ẹ fẹ́ mú ìlérí yín ṣẹ, gbogbo wa la mọ̀. Àṣìṣe ni. Kò sẹ́ni tó máa dá yín lẹ́bi. Àga yín sì wà níbẹ̀ títí láé."

Ìyá ní òótọ́ ló sọ, ibi tó ti dun àwọn nìyẹn. Ẹnikẹ́ni ò ní dá wọn lẹ́bi. Mo rí i tí wọ́n gbé ọwọ́ lé ẹ̀yìn àga kan lẹ́nu ilẹ̀kùn yẹn, bíi pé wọ́n fẹ́ jókòó. Wọ́n wo orí ìtàgé, ibi tí wọ́n ti máa ń pe orúkọ bàbá wọn. Wọ́n pẹ́ níbẹ̀ o. 

Ohùn tí wọ́n fi máa ń ka àbàwọ́n ni mo gbọ́.

"Alága! Mi ò tíì dìbò!"

Gbọ̀ngàn yí ojú padà.

"Arúgbó tí ò ríran ni mo mú jókòó! Ṣé kí n tì í látorí àtẹ̀gùn kí n máa lọ ni?"

Alága ní òfin ni òfin, ẹni tó bá ti gba ilẹ̀kùn kọjá ti kọjá. Àwọn ti Lọ́yà ní bẹ́ẹ̀ ni. Ni àgbà kan, ìyá kan tó ń ta òwú nígbà ayé àgbàlá, bá dìde pẹ̀lú ọ̀pá, ó ní ibi tí òfin ilẹ̀kùn ti wá náà ni òfin kejì ti wá: tí àríyànjiyàn bá wà, ẹ bi ẹni tó bá a rìn. Àwọn àgbà yòókù ní òótọ́ ni, àti àwọn tó gba ọ̀tún àti àwọn tó gba òsì. Alága ò rí ọ̀nà àbáyọ. Ó ní kí wọ́n mú Bàbá Onígbàjámọ̀ wọlé.

Bàbá dúró, wọ́n gbójú sókè bí àwọn afọ́jú ṣe ń ṣe.

"Bàbá," alága ní, "ṣé Ìyá yìí bá yín jáde láti dìbò ni, àbí wọ́n kàn mú yín lọ jókòó?"

"Tí mo bá ní ó dìbò ńkọ́?"

"A jẹ́ pé Lọ́yà ló wọlé."

"Tí mo bá ní kò dìbò?"

"Wọ́n á lọ gba ilẹ̀kùn tí wọ́n bá fẹ́."

Bàbá fi ọwọ́ pa orí ọ̀pá wọn. Mo mọ ohun tí wọ́n ń rò, torí àga tiwọn náà ni, Lọ́yà tó gbà wọ́n lẹ́nu ikú náà sì ni. Ẹnì kan láàárín èrò kígbe pé, "Bàbá, ẹ rántí ilé o!"

Bàbá kọjú sí ibi tí ohùn yẹn ti wá. "Gbẹ́nu ẹ dákẹ́. Láti ìgbà tí mo ti mọ alágbàfọ̀ yìí, kò tíì gba ibi tí mo gbà rí. Lọ́jọ́ tó bá gbà á, ẹ wá kí mi kú oríire. Ó mú mi jókòó ni. Ó tiẹ̀ gbá àga kó tó jẹ́ kí n jókòó."

Ẹ̀rín àti èébú dà pọ̀ nínú gbọ̀ngàn. Wọ́n yọ ẹyọ kan kúrò lára mọ́kànlá ti Lọ́yà. Ìyá wá la àárín gbọ̀ngàn yẹn kọjá láwọn nìkan, láti ọ̀tún dé òsì, gbogbo èèyàn ń wò wọ́n, àwọn kan ń pòṣé sí wọn. Wọn ò yára, wọn ò sì fà sẹ́yìn. Wọ́n gba ilẹ̀kùn Nọ́ọ̀sì jáde, mẹ́wàá ti Nọ́ọ̀sì di mọ́kànlá.

Nínú mọ́tò tó ń gbé wa padà, ìdajì ọ̀nà ni Bàbá ti bẹ̀rẹ̀.

"Alágbàfọ̀, o ti ta àga mi mọ́ tìẹ."

"Ẹ̀yin lẹ fẹnu yín sọ ọ́."

"Kí n wá purọ́ ni?"

"Ẹ ì bá ti purọ́. Ta ló ní kẹ́ ẹ má purọ́?"

"Ìwọ ni wàá kọ́kọ́ pariwo lé mi lórí!"

"Màá pariwo."

"Ó dáa. Má bá mi sọ̀rọ̀ mọ́."

Wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ ìjà kan náà kí mọ́tò tó dúró.

Nọ́ọ̀sì mú ọ̀rọ̀ ẹ̀ ṣẹ. Ẹgbẹ́ ṣe ìpàdé, wọ́n fa òfin àwọn àgbà yọ. Nígbà tí ìbò gbogbo ìlú wá dé, Nọ́ọ̀sì ò wọlé, díẹ̀ ló fi ṣubú. Kẹ́ ẹ wá gbọ́ ẹnu àwọn èèyàn! Bíríkìlà tó pàtẹ́wọ́ náà ló wá ń sọ pé ká ní Lọ́yà ni wọ́n fà kalẹ̀ ni, à bá ti wà nílé ìjọba báyìí. Ìyá ní, "Ẹ̀yin lẹ ní òun lẹ fẹ́. Mo yẹ̀ ẹ́ wò lójú yín." Wọ́n lọ ẹ̀wù ẹ̀ fún un, wọ́n sì lọ̀ ọ́ dáadáa.

Ọdún yípo, wọ́ọ̀dù tún fẹ́ yan aṣojú. Ìyá dìde láàárọ̀, wọ́n múra, wọ́n ní ká lọ. Pápá ilé ìwé ni. Akọ̀wé wọ́ọ̀dù rí wọn, ó sáré lọ gbé àga wá síwájú, ó ní kí wọ́n jókòó kí wọ́n máa wòran. Ìyá ní àwọn ò wá wòran, àwọn wá díje. Akọ̀wé wo ojú mi, mo wo ilẹ̀. Ó ní ó dáa, ẹ lọ dúró pẹ̀lú àwọn yòókù.

Obìnrin tó ń gbálẹ̀ nílé ìwòsàn wà lára àwọn tó ń díje. Ó kúnlẹ̀ kí Ìyá, Ìyá ní kó dìde, ilẹ̀ máa ba aṣọ ẹ̀ jẹ́. Wọ́n ní kí àwọn èèyàn tò sẹ́yìn ẹni tó bá wù wọ́n. Ẹ̀yìn obìnrin yẹn kún, ó gùn dé ọ̀dọ̀ géètì. Ẹ̀yìn Ìyá, èmi ni, ọkọ mi, Bíríkìlà tí ojú ń tì, àti àwọn díẹ̀ mìíràn. Bàbá Onígbàjámọ̀ fi ọ̀pá wá ọ̀nà dé, wọ́n béèrè ibi tí alágbàfọ̀ dúró sí, nígbà tí wọ́n fi hàn wọ́n, wọ́n lọ tò sẹ́yìn obìnrin tó ń gbálẹ̀ yẹn.

Ìyá yíjú padà, wọ́n wo gbogbo àwa tá a wà lẹ́yìn wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, bí wọ́n ṣe máa ń wo aṣọ. Akọ̀wé ka iye, ó kéde ẹni tó wọlé, a pàtẹ́wọ́ fún un, Ìyá náà pàtẹ́wọ́. A ń lọ sílé.

"Ìyàwó, ta ni ọkùnrin gíga yẹn tó tò sẹ́yìn mi?"

"Mi ò mọ̀ ọ́n, mà."

"Èmi náà ò mọ̀ ọ́n. Kì í ṣe oníbàárà mi."

"Kò kó aṣọ wá sọ́dọ̀ wa rí."

Wọ́n rìn díẹ̀ sí i. Wọ́n ní kí n bá àwọn wádìí ibi tó ń gbé, kí àwọn lè lọ dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀.